Ẹ̀yin Tí Ẹ Ń Pe Ìránṣẹ́ Ní Ọ̀dàlẹ̀

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi! Mo mọ̀ pé ewì lẹ máa ń retí lọ́wọ́ mi nínú ìwé yìí. Ewì kọ́ ni mo gbé wá lọ́tẹ̀ yìí, ìjà ni. Mo fẹ́ bá yín jà lórí gbólóhùn kan tó ti di orin lẹ́nu wa nínú ọgbà: "Wọ́n ti fún un jẹ!" Ẹnikẹ́ni tó bá ti kúrò láàárín àwa tá à ń pariwo lójú títì, tó wọlé lọ jókòó ti àwọn aláṣẹ láti bá wọn sọ̀rọ̀, a ti dá ẹjọ́ rẹ̀ tán nìyẹn. Ó ti jẹun. Wọ́n ti rà á. Ọ̀dàlẹ̀ ni. A kì í tilẹ̀ dúró gbọ́ iṣẹ́ tó lọ jẹ́.

Ọ̀rọ̀ yìí tún yọjú nígbà tá à ń jiyàn lórí àwọn tó jà fún òmìnira Nàìjíríà. Ẹnìkan dìde, ó ní ariwo lásán ni wọ́n ń pa. Ó ní wọ́n bú òyìnbó títí, àmọ́ bí òyìnbó ṣe ń lọ báyìí ni wọ́n wọ kóòtù, wọ́n so táì, wọ́n di aṣojú ìjọba nílẹ̀ òkèèrè, wọ́n ń mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò pẹ̀lú òyìnbó kan náà. Gbogbo yín pàtẹ́wọ́. Èmi ò pàtẹ́wọ́. Ẹ jẹ́ kí n mú ẹnìkan ṣoṣo nínú wọn, ká yẹ ọ̀rọ̀ rẹ̀ wò dáadáa: Olóyè Kọ́láwọlé Balógun, ọmọ Ọ̀tan Ayégbajú, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun òde òní.

Ní ọdún 1945, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba àti ti rélùwéè da iṣẹ́ sílẹ̀ fún bí oṣù kan ààbọ̀ nítorí owó oṣù tí kò tó jẹun. Michael Imoudu wà lára àwọn aṣáájú wọn. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ìwé ìròyìn Nnamdi Azikiwe, West African Pilot, pa fún ìgbà díẹ̀ nítorí pé ó gbè sẹ́yìn òṣìṣẹ́. Nígbà tó di 1946, àwọn ọ̀dọ́ kan ní Èkó, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ akọ̀ròyìn, dá ẹgbẹ́ Zikist sílẹ̀. Kọ́lá Balógun ni ààrẹ wọn àkọ́kọ́. Ẹ ṣírò ọjọ́ orí rẹ̀ nígbà náà, kò fi bẹ́ẹ̀ ju tiwa lọ.

Ẹgbẹ́ yìí kì í ṣe ẹgbẹ́ ẹlẹ́nu dídùn o. Ní 1948, Osita Agwuna dìde ní gbọ̀ngàn Tom Jones ní Èkó, ó sọ ojú abẹ níkòó, ó ké sí àwọn èèyàn pé kí wọ́n kọ ìjọba amúnisìn sílẹ̀. Anthony Enahoro ló ṣe alága ìpàdé náà. Wọ́n kó wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n sì ṣẹ̀wọ̀n. Ní November 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley ní Enugu, èèyàn 21 kú. Inú tún bí àwọn Zikist sí i. Nígbà tó di April 1950, ìjọba fi òfin de ẹgbẹ́ náà. Ilé ìjà yìí ni Balógun ti jáde. Ẹ má sọ fún mi pé kò mọ ohun tí ariwo ń jẹ́.

Ó kọ́ ìmọ̀ òfin ní ìlú òyìnbó, ó padà wálé, ó di akọ̀wé àgbà ẹgbẹ́ NCNC. Nínú ìdìbò ìjọba àpapọ̀ ti 1954, NCNC ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni ò rò: wọ́n gba ìjókòó ju Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ lọ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Nítorí ìdí èyí, ní 1955, Balógun, Adégòkè Adélabú àti J. M. Johnson di mínísítà. Ètò ìròyìn wà lábẹ́ Balógun. Àmọ́ ní 1958, ìjà bẹ́ sílẹ̀ nínú ẹgbẹ́. Balógun dúró ti K. O. Mbadiwe, wọ́n ní kí Zik fi ipò aṣáájú sílẹ̀. Ẹ wò ó o: ẹni tó ṣe ààrẹ ẹgbẹ́ tí wọ́n fi orúkọ Zik sọ, òun náà ló tún dìde pé kí Zik kúrò. Ẹni tí oúnjẹ nìkan bá wà lójú rẹ̀ kò ní ṣe bẹ́ẹ̀, torí abọ́ oúnjẹ wà lọ́wọ́ Zik. Ìjà náà ò gbè wọ́n. Ipò mínísítà bọ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹgbẹ́ tuntun tí wọ́n dá sílẹ̀ kò rọ́wọ́ mú nínú ìdìbò 1959.

Kò pẹ́ sí àkókò yìí ni wọ́n rán Balógun lọ sí Accra kó lọ ṣojú Nàìjíríà ní Ghana. Ibí yìí gan-an ni ẹ̀yin máa ń pariwo sí: "Ẹ ò rí i? Wọ́n fi ipò dí i lẹ́nu!" Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká wo irú ipò tó jẹ́.

Ghana ti gba òmìnira láti March 1957. Ní December 1958, Kwame Nkrumah kó àwọn olóṣèlú jọ sí Accra láti gbogbo igun Áfíríkà. Ohun tí Nkrumah ń fẹ́ ni pé kí gbogbo Áfíríkà wà lábẹ́ ìjọba kan, kó sì yá. Tafawa Balewa ní tirẹ̀ sọ pé kí oníkálukú kọ́kọ́ tún ilé ara rẹ̀ ṣe, ká máa rìn díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó di January 1961, Ghana wà lára àwọn tó pàdé ní Casablanca. Nígbà tó di May ọdún yẹn, Nàìjíríà wà lára àwọn tó pàdé ní Monrovia. Ìpàdé méjì, ọ̀nà méjì, ìyá méjì tí ń bú ara wọn nínú ìwé ìròyìn.

Ẹ wá fojú inú wo ẹni tó dúró sáàárín. Zikist ni. Ohun tí Nkrumah ń wí, ó sún mọ́ ohun tí òun náà ń wí nígbà tó wà lọ́mọdé. Ní ilé ńkọ́? NCNC tó bá jà ní 1958 wà nínú ìjọba tó ń ṣiṣẹ́ fún, Zik tó ní kó kúrò sì di Gómìnà Àgbà ní November 1960. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an jọ iṣẹ́ ẹrú: lọ bá ẹni tí ọkàn rẹ fà sí, kí o sọ fún un pé àwọn tí ọkàn rẹ kò fà sí kò gbà. Yorùbá sì ti sọ bí a ṣe ń ṣe é: bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ṣé ìyẹn lẹ̀ ń pè ní ìjẹun? Èmi ò tíì rí oúnjẹ tó korò tó bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá sì ní wọ́n fẹ́ fi ipò náà dí i lẹ́nu ni, mi ò lè wo inú ọkàn àwọn tó yàn án. Ohun tí mo lè wò ni ohun tó ti ibẹ̀ jáde. Ní 1963, Balógun tẹ ìwé kan jáde lórí iṣẹ́ tó jẹ́ ní Ghana, Mission to Ghana ni orúkọ rẹ̀. Ó tún kọ ìtàn ìgbésí ayé ara rẹ̀. Nígbà tó sì di 1985, ó kọ ìwé lórí bí wọ́n ṣe ń ṣe ìjọba ní Ọ̀yọ́ àtijọ́. Ṣé bí ẹni tí wọ́n dí lẹ́nu ṣe ń ṣe nìyẹn?

Ìwé Ọ̀yọ́ yẹn kò yà mí lẹ́nu. Ọmọ Fìdítì ni mí, Ọ̀yọ́ ò sì jìnnà sí wa, ìtàn rẹ̀ la fi dàgbà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jọ ń ka Yorùbá pẹ̀lú mi, ẹ rántí ìlàrí. Ìlàrí ni ìránṣẹ́ Aláàfin. Wọ́n á fá apá kan orí rẹ̀, wọ́n á dá apá kejì sí. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an, iṣẹ́ ni: ọ̀kan ń jẹ́ Ọbalólú, òmíràn ń jẹ́ Màdáríkàn. Bí ìlàrí bá ṣe ń wọ ìlú báyìí, kó tó la ẹnu, orí rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀ ti jẹ́ ìdajì iṣẹ́ náà. Àwọn baba wa kò ka iṣẹ́ yẹn sí ti ọ̀lẹ. Àwọn ni wọ́n sọ pé ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún òwe yẹn kà. Òun ni òṣùwọ̀n tí mò ń wá. Ọ̀dàlẹ̀ ni ìránṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù ẹni tí wọ́n rán an sí, tó gbàgbé ẹni tó rán an. Kì í ṣe ìjókòó ló sọ ọ́ di ọ̀dàlẹ̀. Kì í ṣe kóòtù àti táì. Àwọn ìlàrí kan wà láyé àtijọ́ tó fi orúkọ Aláàfin rẹ́ àwọn ará ìlú jẹ, a ò sì torí ìyẹn sọ pé kí ọba má rán ìránṣẹ́ mọ́.

Ẹ wo Àlùfáà Samuel Johnson. Nígbà ogun Kírìjì, tó jà láti 1877 títí di 1893, Aláàfin Adéyẹmí Kìíní kọ lẹ́tà sí gómìnà Èkó ní 1881 pé kí wọ́n wá bá òun pẹ̀tù sí ìjà náà. Johnson wà lára àwọn tó jẹ́ iṣẹ́ yẹn. Ní 1886 tí wọ́n ń ṣe àdéhùn àlàáfíà, òun náà wà lára àwọn tó ń lọ tó ń bọ̀ láàárín bùdó méjì. Ẹnu iṣẹ́ ìránṣẹ́ ló ti gbọ́ púpọ̀ nínú ohun tó kọ sínú ìwé ìtàn Yorùbá tó parí ní 1897, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921. Ìwé yẹn náà la fi ń ṣe ìdánwò dòní. Ká ní wọ́n ti lé e padà pẹ̀lú "ó ti jẹun", kí là bá máa kà?

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ rí ohun tí ìránṣẹ́ ń mú bọ̀ wálé, ẹ má lọ jìnnà, ẹ lọ sí Ìlọrà. Abúlé àgbẹ̀ tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ níbẹ̀, tí gbogbo wa mọ̀ sí Fáàmù Sẹ́tímẹ́ǹtì, kò já bọ́ láti ojú ọ̀run. Akin Deko, ọmọ Ìdànrè, tó jẹ́ mínísítà ètò ọ̀gbìn fún Awólọ́wọ̀, ló lọ wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Ísírẹ́lì kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ ètò náà ní nǹkan bí ọdún 1959. Ìlọrà wà lára àwọn ìlú àkọ́kọ́ tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Lẹ́yìn náà, òun pẹ̀lú di aṣojú, ó ṣojú àjọ oúnjẹ àti ọ̀gbìn lágbàáyé, FAO, ní Áfíríkà. Mi ò ní parọ́ fún yín pé gbogbo ètò náà yọrí sí rere. Owó tó gbà pọ̀, ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí wọ́n kó síbẹ̀ ló sì sá padà sígboro. Àmọ́ ìránṣẹ́ náà lọ, ó bọ̀, ó gbé nǹkan dání tí ojú rí. Ó ṣeé bi léèrè. Ó ṣeé dá lẹ́bi pàápàá. Ohun tá à ń wí náà nìyẹn: ẹ bi í léèrè!

Ẹ jẹ́ ká wá sọ tiwa. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n fi owó kún owó ilé-ẹ̀kọ́. Àwa akẹ́kọ̀ọ́ tú jáde, a kọrin títí ohùn wa há. Àwọn aláṣẹ ní ká yan èèyàn mẹ́rin wọlé. A yan mẹ́rin. Wọ́n lò tó wákàtí mẹ́ta nínú lọ́hùn-ún. Bí wọ́n ṣe yọjú báyìí ni ẹnìkan kígbe láti ẹ̀yìn pé, "Ẹ wo ẹnu wọn, ó ń dán! Wọ́n ti fún wọn jẹ!" Bí ariwo ṣe sọ nìyẹn. Ọ̀kan nínú wọn gbé ìwé kan sókè, ó fẹ́ kà á sí wa létí, kò rí àyè. Títí di òní, mi ò mọ ohun tó wà nínú ìwé yẹn. Àwa tá a wà níbẹ̀ ò mọ̀ ọ́n. Ó lè jẹ́ àdéhùn gidi. Ó lè jẹ́ ìtànjẹ. A fi ẹnu ara wa pa iṣẹ́ tí àwa fúnra wa rán, a san owó náà pé pérépéré, a sì lọ sùn pẹ̀lú ìdùnnú pé a kò dalẹ̀.

Ẹ gbọ́ ná, mi ò bu ariwo. Ariwo níṣẹ́ tirẹ̀. Ní November 1960, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn lọ sí Èkó, wọ́n fi ẹ̀hónú hàn sí àdéhùn ààbò tí Nàìjíríà bá Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Ní January 1962, wọ́n fagi lé àdéhùn náà. Ariwo àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló gbé ọ̀rọ̀ náà síta, kò sẹ́ni tó lè jiyàn ìyẹn. Ṣùgbọ́n àdéhùn láàárín orílẹ̀-èdè méjì kì í tú nítorí orin nìkan. Ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó, kó kọ lẹ́tà, kó bá onítọ̀hún sọ ọ́ títí yóò fi gbà. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ búburú ní í yọ ọfà lápó. Bí kò bá sí ẹni tó mọ ọ̀rọ̀ sọ, ọfà ni yóò kù lọ́wọ́ wa.

Ọfà yẹn ò sì ń ba àwọn ọlọ́lá. Ní November 1969, ìjọba Busia ní Ghana fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì péré kí wọ́n jáde. Àwọn èèyàn wa láti Ọ̀yọ́, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìnísà àti Ọ̀ffà, tí wọ́n ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí wọ́n ti bímọ tí wọ́n ti kọ́lé níbẹ̀, fi ilé àti ọjà sílẹ̀ sáré wálé. Títí dòní, ẹ ó gbọ́ tí wọ́n ń pe ẹnìkan ní Ìyá Gánà ládùúgbò. Ní January 1983, àwa náà gbẹ̀san, ìjọba Shagari lé àwọn ará Ghana, a sì fi orúkọ ìtìjú yẹn sọ báàgì tá à ń kó aṣọ sí. Nígbà tí ìjọba méjì ò bá gbọ́ ara wọn yé, orí ìyá aláṣọ lọ́jà ló ń fọ́.

Bẹ́ ẹ bá rò pé ìtàn àtijọ́ ni, ẹ gbọ́ èyí. Ní September 2023, ìjọba àpapọ̀ pe fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo aṣojú àgbà Nàìjíríà padà wálé láti gbogbo ayé. Ó lé ní ọdún méjì kí wọ́n tó fi orúkọ àwọn tuntun ránṣẹ́ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní ìparí 2025. Láàárín ìgbà náà, ní July 2025, àwọn kan tú síta ní Accra, wọ́n ń gbé pátákó kiri pé kí àwọn ọmọ Nàìjíríà máa lọ. Ìjọba wa ní láti sáré rán mínísítà láti Abuja lọ pẹ̀tù sí i. Ìlú tí Kọ́lá Balógun jókòó sí náà nìyẹn! Mélòó nínú wa ló pariwo pé àga aṣojú wa ṣófo? Kò sẹ́ni tó bìkítà, torí a ti fi kọ́ ara wa pé àga ìjẹun ni, bó ṣófo bó kún, kí ló kàn wá? Àbùkù tí à ń fi kan ìránṣẹ́ ló bí àìbìkítà yẹn. Ohun tá a bá kà sí yẹ̀yẹ́ ni ìjọba náà yóò máa fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Mo mọ ohun tẹ́ ẹ máa sọ. Ẹ máa ní àwọn olóṣèlú tó fìdí rẹmi nínú ìdìbò ni wọ́n ń kó lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú láti fi tù wọ́n nínú. Òótọ́ ni, ó pọ̀ bẹ́ẹ̀. Balógun náà ti pàdánù kó tó lọ. Ṣùgbọ́n bí ẹni náà ṣe dé ibẹ̀ kọ́ ni gbogbo ọ̀rọ̀. Ẹ bi í léèrè mẹ́ta: Ta ló rán ọ? Kí ni wọ́n ní kí o wí? Kí ni wọ́n fi fèsì? Ẹni tó bá lè dáhùn ní gbangba, ẹ fún un láyè. Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ìyẹn lẹ lè wá pè ní orúkọ tẹ́ ẹ fẹ́. Balógun dáhùn láàárín ọdún díẹ̀, ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé, ẹ lè kà á kẹ́ ẹ bá a jà. Mélòó nínú àwọn tó ti lọ lẹ́yìn rẹ̀ ló ṣe bẹ́ẹ̀?

Ẹjọ́ kan ṣoṣo ni mo ní pẹ̀lú òun àti Johnson: èdè Gẹ̀ẹ́sì ni àwọn méjèèjì fi jábọ̀. Ìyá oníṣòwò tí wọ́n torí rẹ̀ rán ìránṣẹ́ kò lè kà á. Àmọ́ ẹjọ́ yẹn ti kúrò lọ́rùn wọn, ó ti bọ́ sí ọrùn wa, àwa tí à ń pe ara wa ní ọmọ Yorùbá ní fásitì. A mọ oríkì jagunjagun lórí. A lè ka orúkọ ogun bí ẹni ń ka owó. Ẹni tó fi ẹnu dá ogun dúró ńkọ́? Ta ló ti kì í? Iṣẹ́ àṣekágbá tí ẹ ń wá orí ọ̀rọ̀ fún, òun rèé. Ẹ lọ ka Mission to Ghana, kẹ́ ẹ fi Yorùbá sọ ohun tó wà níbẹ̀ fún àwọn tó rán an.

Nígbà tá a bá sì tún yan èèyàn mẹ́rin wọlé, ẹ jẹ́ ká panu mọ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá péré nígbà tí wọ́n bá jáde. Kí wọ́n jíṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà ò bá dáa, ojú títì ò sá lọ, ohùn wa náà ò sì tíì há tán.